Gbèsè Okùn Irin

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ ní Yorùbá, ìdí nìyẹn tí màmá mi fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà pé, "Phebe ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, ó ń wo ẹ̀rọ." Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n máa ń rò. Kiréènì ni mò ń wò ní tèmi. Ẹ̀rọ ọlọ́rùn gígùn yẹn, tó ń gbé ohun tí ogún ọkùnrin ò lè mì, òun ni mò ń gùn, tí mò ń tẹ bíréèkì rẹ̀ wò, tí mò ń yẹ okùn rẹ̀ wò, kí n tó fọwọ́ sí i pé ó lè ṣiṣẹ́. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, kò gbọdọ̀ gbé abẹ́rẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Òṣogbo ni mò ń gbé lọ́dún 1996 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wa wà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo lágídí. Bàbá tó bí bàbá mi, Ògúnjìnmí, òṣómàáló ni. Ẹ mọ àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gbowó. Bí o bá ní owó ò sí, wọn ò ní bá ọ jà. Wọ́n á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ ni, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó á fi jáde. O ń jẹun, wọ́n ń wò ọ́. Àlejò rẹ dé, wọ́n á bá ọ kí i káàbọ̀. Wọ́n ní bàbá wa kò pariwo mọ́ onígbèsè kankan rí. Èmi ń pariwo ní tèmi, ẹ má jẹ́ kí n parọ́.

Alájì Múfútàù ló ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa pé ká wá wo kiréènì òun. Irin àti sìmẹ́ńtì ni Alájì ń tà, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ra kiréènì tòkunbọ̀ kan, ó sì ń fi í gbaṣẹ́ káàkiri. Èèyàn rere ni o. Bẹ́ ẹ bá wọ yáàdì rẹ̀ lówùúrọ̀, ẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, mi ò sì kábàámọ̀.

Dírẹ́bà tó ń wa kiréènì yẹn ń jẹ́ Amos, ọmọ Ìbòkun, tí kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ti fi gíríìsì pa okùn irin ara kiréènì náà láti òkè délẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi àdí pa ọmọ tuntun. Okùn náà ń dán gbinrin nínú oòrùn. Alájì na ọwọ́ sí i.

"Màdáàmù, ẹ wo bó ṣe ń dán."

"Ó ń dán, sà," ni mo wí. "Pósí náà ń dán."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi yọ àkísà mi jáde. Okùn irin kì í ṣe okùn kan ṣoṣo, wáyà tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n lọ́ pọ̀ bí ẹni dirun. Bí ọ̀kan bá já níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yọ síta. Ojú lè má rí i, pàápàá tí gíríìsì bá bò ó, ṣùgbọ́n tó o bá fi àkísà dì í mú tó o sì rọra ń fà á lọ, ibi tí wáyà bá ti já á hán aṣọ. Mo fa àkísà mi díẹ̀, ó há. Mo já a kúrò, mo tún fà á, ó tún há. Nígbà tí mo máa fi dé ibi tí okùn náà ti ń gba orí pọ́ọ̀lì, kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí lókè, kọjá, àkísà mi ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

"Okùn yìí ti kú, Alájì. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni kiréènì náà máa lọ sí Ìbòkun, láti gbé táńkì omi ńlá kan sórí ẹsẹ̀ irin tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti ń retí omi náà tipẹ́. Wọ́n ti pe àwọn èèyàn pàtàkì láti Iléṣà àti Ìbàdàn, wọ́n ti pe oníròyìn, wọ́n ti ra màlúù tí wọ́n máa pa. Alájì ti fi ọwọ́ sọ àyà fún wọn.

"Kí n wá sọ fún wọn pé okùn ò jẹ́ kí n wá? Ojú wo ni màá fi wọ ìlú yẹn mọ́? Ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ikú ta ni, Alájì? Tiyín ni àbí ti Amos?"

Ìyẹn dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó dùn ún, ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Bí okùn bá já nígbà tí ẹrù wuwo wà nídìí rẹ̀, ẹrù nìkan kọ́ ló ń ṣubú. Apá kiréènì á ta padà sẹ́yìn, orí ilé kékeré tí dírẹ́bà jókòó sí ló sì máa ń wó lé. Mo ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò fẹ́ rí ìkejì láyé mi.

Alájì ní òun á ra okùn tuntun lẹ́yìn tí àwọn bá ti Ìbòkun dé. Mo ní kó rà á kó tó lọ. Ó ní ta ló fẹ́ lọ máa wá okùn kiri láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo ní mi ò ní fọwọ́ síwèé. Ló bá dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ́ńjìnnì mi kò mọ̀wé kà. Bí Amos bá ti ṣí i, á dáhùn."

Amos tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáàmù, ẹ má ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìlú mi ni. Ìyá mi, ìyàwó mi tó wà nínú oyún, gbogbo wọn ló máa wá wò mí. Bí okùn yẹn bá fẹ́ já, ṣé èmi ò ní mọ̀ ni? Èmi ni mò ń wà á."

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀," ni mo sọ fún un. "Ìwọ náà ni o ò ní lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ó pòṣé, ó yí padà. Ẹni tí mò ń jà nítorí rẹ̀ ló ń pòṣé sí mi yẹn o. Orí mi gbóná débi pé mo gbàgbé báàgì mi sí yáàdì, mo tún ní láti padà lọ mú un, wọ́n sì tún fún mi ní omi mu.

Ọ̀gá wa ti lọ sípàdé ní Àbújá. Àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté; kò sẹ́lòmíì tó lè pàṣẹ ní ọ́fíìsì. Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Sájẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá kiréènì náà ti pa ẹnì kan. Mo ní kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ó ní tó bá ti pa á kí n padà wá. Mo délé, mo gbé oúnjẹ síwájú, mi ò lè jẹ ẹ́. Ìbínú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Ojú Amos ni mò ń rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ òfárọ́ọ̀lù iṣẹ́ mi, mo wọ bàtà onírin mi, mo mú akoto mi dání, mo sì kọrí sí Òkè-Baálẹ̀ níbi tí ilé Alájì wà. Ó ń jáde bọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ ni. Mo kí i, mo kúnlẹ̀ pàápàá, ẹ̀kọ́ ilé ni. Nígbà tí mo kí i tán, mi ò dìde. Mo kàn yí ìkúnlẹ̀ padà sí òṣòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá gba okùn tuntun fún kiréènì ni, sà."

"Mi ò tíì rà á. Mo ti sọ fún ọ."

"Kò burú, sà. Mo ti lóṣòó."

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ó dá a lójú pé òun ò ní bá mi níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Alájà Làbákẹ́, ló kọ́kọ́ jáde sí mi. Ó gbé àpótí wá. Mo dúpẹ́, mo ní wọn kì í jókòó ṣe é. Ó gbé omi wá, mo mu ún. Ó rọra ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ dúró de Alájì níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ̀. Bí inú bá ń bí mi, Ìjẹ̀ṣà mi ló máa ń jáde.

"Mi ò ní kúrò lẹ́nu ulé yìí, mà."

"Ulé?" Alájà gbé ojú sókè, ó wo bí mo ṣe lóṣòó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu. "Ìjẹ̀ṣà ni yín. Yéè, Alájì jẹ yín lówó aṣọ."

"Kì í ṣe aṣọ, mà. Okùn ló jẹ mí."

Kò gbọ́ èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn. Àpìkẹ́ náà kò gbọ́ ọ. Àpìkẹ́ ló ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé tó kọjú sí ti Alájì, gáàlọ̀nù tó ń tà tóbi, ẹnu rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Kí oòrùn tó mú, ìròyìn ti dé Ọjà Ọba pé Alájì Múfútàù ra aṣọ láwìn lọ́wọ́ Ìjẹ̀ṣà, kò san, òṣómàáló ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn kan tún fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ní ìyàwó tuntun kan ló ra aṣọ náà fún. Wọ́n ní funfun ni aṣọ náà, àwọn mìíràn ní pupa ni. Òfárọ́ọ̀lù tí mo wọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ayé ti ń yí padà, àwọn òṣómàáló náà ti ń wọ ṣòkòtò.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ilé lọ́nà tí kò yẹ kí wọ́n gbà. Orúnkún mi ń ro mí, itan mi ń gbọ̀n, mi ò mọ bí bàbá wa ṣe ń ṣe é. Bàbá arúgbó kan tí òun àti Alájì jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wá dúró tì mí, ó ti ọwọ́ bọ àpò.

"Èló ni gbogbo ẹ̀, ọmọ mi? Irú Múfútàù ò yẹ kó máa jẹ irú ìyà yìí lójú ayé wa."

"Bàbá, kì í ṣe owó."

"Kì í ṣe owó kẹ̀?" Ó yọ ọwọ́ lápò. "Kí wá ni Ìjẹ̀ṣà ń lóṣòó gbà tí kì í ṣe owó?"

Kí n tó ṣàlàyé, mọ́tò Alájì ti dé. Wọ́n ti bá a délé iṣẹ́, wọ́n ti bá a kẹ́dùn gbèsè. Ó bọ́ sílẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí Alájà Làbákẹ́ fi dí i lọ́nà, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí.

"Ta lẹ ra aṣọ fún, Alájì?"

"Aṣọ wo? Èmi tí mi ò jẹ gbèsè ìṣáná rí láyé mi?"

"Kí ló wá ń ṣe níbí?"

Alájì wo ojú gbogbo àwọn tó dúró. Kò sí ọ̀nà tó fi lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè tí kò jẹ àyàfi kó sọ òtítọ́. "Okùn kiréènì ló ń bèèrè. Ó ní okùn mi ti gbó, kí n ra tuntun."

"Ṣé ó ti gbó?"

Alájì ń tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ni mo bi. Ṣé ó ti gbó?"

"Ó gbó díẹ̀."

"Ta ló máa wà á lọ sí Ìbòkun?"

"Amos náà ni."

Alájà Làbákẹ́ sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀ kúrò ní ìbàdí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́. "Amos tó mú ìyàwó rẹ̀ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, tí ọmọ náà ta mí nípàá." Ó kó ìró rẹ̀ jọ sáàárín orúnkún. "Màdáàmù, ẹ sún fún mi."

Ó lóṣòó tì mí. Lójú ọ̀nà gbangba, Alájà, pẹ̀lú gèlè àti ẹ̀gbà wúrà. Àpìkẹ́ fi kẹrosíìnì sílẹ̀, ó sọdá títì, òun náà lóṣòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé ó ti mọ ohun tí a ń gbà. Bàbá arúgbó yẹn ní bí kì í bá ṣe ti orúnkún òun ni, òun náà ì bá bá wa lọ́wọ́ sí i.

Alájì dúró, ó ń wò wá. Ó la ẹnu láti bínú, ẹ̀rín ló bá jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ ti ara mọ́tò.

"Ẹ dìde. Mo ní màá rà á. Ẹ dìde, kí n lè ráàyè wọ ilé mi lọ jẹun."

Àwọn méjì yẹn dìde. Èmi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ mi ti kú pátápátá, àwọn ni wọ́n fà mí sókè, Alájà lápá kan, Àpìkẹ́ lápá kejì, wọ́n sì gbé mi wọlé lọ jẹ ìrẹsì Alájì.

Ìbàdàn ni okùn tuntun ti wá, ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo fi àkísà tuntun fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àkísà mi rìn lórí rẹ̀ láìkọsẹ̀. Amos ló ń tú ògbólógbòó kúrò. Ó ṣì ń fajú ro sí mi, torí iṣẹ́ ti di púpọ̀ sí i lọ́wọ́. Ó fẹ́ gé okùn náà wẹ́wẹ́ kó lè rọrùn láti kó dànù, ló bá gbé ibi tó máa ń gba orí pọ́ọ̀lì lé irin, ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì sí i, ó ti múra láti lù ú títí. Hámà ẹ̀ẹ̀kan péré, okùn náà ti já sí méjì. Ìpẹtà pupa dà jáde láti inú rẹ̀, ó dà sórí bàtà rẹ̀. Gíríìsì wà lóde, inú ti jẹrà tán.

Amos gbé hámà sílẹ̀. Ó wo okùn, ó wo ibi tó máa ń jókòó sí lókè, ó tún wo okùn. Mo rí i tí omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Èmi ni mo fi gíríìsì pa á," ló wí. "Alájì ò rán mi. Mo fẹ́ kó dán lójú yín ni. Ẹ̀rù ń bà mí, màdáàmù. Ó ti kọjá, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un látọjọ́ tó ti pòṣé sí mi. Ọ̀rọ̀ náà le dáadáa. Mi ò rántí ọ̀kan mọ́ nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti gíríìsì, àwa méjèèjì jọ sunkún díẹ̀ nínú yáàdì yẹn. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo Ìbòkun jáde. Mo ti ní kí wọ́n to igi yí ibi iṣẹ́ ká, kí ẹnikẹ́ni má kọjá a. Ìyàwó Amos jókòó sórí àga níwájú, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Amos ṣí ẹ́ńjìnnì, okùn tuntun le tantan, táńkì náà sì kúrò nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn obìnrin kígbe ayọ̀. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó ti ga ju òrùlé lọ.

Ni Alájì Múfútàù bá fo igi kọjá. Agbádá funfun ló wọ̀, ó mú oníròyìn kan dání pé kó wá ya òun ní fọ́tò. Ó lọ dúró gan-an lábẹ́ táńkì náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni pé òun ló gbé e. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti la ẹnu láti pariwo, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ohùn kan ò tíì jáde lẹ́nu mi tí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́. Táńkì dúró síbi tó wà.

Amos ló pa ẹ́ńjìnnì náà. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó jókòó.

"Amos," Alájì pè é láti ìsàlẹ̀, "kí ló dé? Gbé e lọ. Okùn tuntun ni, màdáàmù fúnra rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò. Àbí ó ti gbó látàná ni?"

Amos yọ orí síta. Gbogbo ìlú rẹ̀ ń gbọ́ ọ.

"Kò gbó, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ná. Tí okùn bá já, a mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Ìbàdàn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta orí."